Bàbá Awọnlẹ̀ àti Ayálégbé Inú Mac

Ìtàn tí àwọn ará Old Garage ní Òṣogbo fi ń rántí Olóògbé Ẹkúndayọ̀ Awóníyì ni ti ọjọ́ Ajé tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Iléṣà, tó gbé àpò kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká òsì, tó sì fi ọwọ́ ọ̀tún di àpótí ìjókòó kékeré kan mú, èyí tí a fi igi ìrókò ṣe. Ó gba iwájú àwọn tó ń ta bàtà kọjá, ó dé ṣọ́ọ̀bù Kàósárà, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó gbé àpótí náà kalẹ̀ sí àárín gbùngbùn ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó lé e.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o," ni Kàósárà wí. "Àga wà nínú ilé. Ẹ wọlé, kí ẹ jókòó dáadáa."

"Èmi kò wá jókòó dáadáa," ni Awóníyì dá a lóhùn. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òṣó ni mo wá ló."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wí. Láyé àtijọ́, oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a máa lọ ló òṣó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ àwìn, kò sì ní dìde títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ṣùgbọ́n Kàósárà kò ra aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Súbúhánáláì! Bàbá, kí ni mo rà lọ́wọ́ yín?"

"O kò ra nǹkan kan. Windows mi ló wà nínú Mac mi, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn, kò lè jáde. Títí tí yóò fi jáde, èmi náà kò ní jáde."

"Ẹ̀ẹ́ jáde kẹ̀? Bàbá, ẹ kò tíì wọlé. Ẹnu ọ̀nà mi lẹ dí. Oníbàárà kò lè kọjá."

"Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń ló o sí."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ló òṣó náà. Ní àárọ̀, yóò wọ ọkọ̀ wá láti Iléṣà. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò wọ ọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n kì í gbé àpótí náà lọ sílé, nítorí ó ní àpótí náà yóò máa ló o nìṣó ní ipò òun. Nígbà tó fi máa dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan, tó rò pé àwọn agbowó gàráàjì ló gbé àpótí síbẹ̀, ti ju owó sórí rẹ̀, ó sì ti lọ.

Kí a tó mọ ibi tí òṣó náà parí sí, ó yẹ kí a mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni Awóníyì ṣe fún ogójì ọdún. Gbogbo abúlé tó yí Ìwàrà ká ni ó ti bá wọn wọn oko kòkó àti oko obì, débi pé àwọn ọmọdé kò mọ orúkọ mìíràn fún un ju Bàbá Awọnlẹ̀ lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Ìdùnnú ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, fi kọ̀ǹpútà Mac kan ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin tí a ti mọ̀ sí onírẹ̀lẹ̀ ti di ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó ní kí wọ́n fi kíjìpá rán aṣọ fún ẹ̀rọ náà. Àlejò tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rán an létí pé àlejò náà kò ní fọwọ́ kàn án, pé wíwò nìkan ni yóò wò ó, Awóníyì ronú sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó sì ní kí wọ́n máa bọ́ ojú pẹ̀lú.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ètò tí Awóníyì fi ń ya àwòrán ilẹ̀, èyí tó ti ń lò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, Windows nìkan ló gbọ́. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ì bá ra kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, kí ó sì sinmi. Awóníyì kò wá ìsinmi. Ó wá ètò kan rí, èyí tó ń jẹ́ kí Windows máa gbé inú Mac, ó sì sọ ọ́ ní Alágbàtà.

"Mac ni onílé," ni ó máa ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tí kò bá tètè sá. "Windows ni ayálégbé. Alágbàtà ló gba yàrá fún un, òun náà ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Onílé kò gbọ́ èdè ayálégbé, ayálégbé kò gbọ́ ti onílé, ṣùgbọ́n kò sí ìjà."

Ẹni tó ṣòro jù láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ni Nehemiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan ti Awóníyì ní Iléṣà.

"Awóníyì, bí ilẹ̀ bá mọ́, inú ibo lo ń wà títí oúnjẹ ọ̀sán fi ń jinná?"

"Inú Mac."

"Yàrá wo nínú Mac?"

"Yàrá Windows."

"Ìyẹn ni pé o kọ́ ilé alájà, o pa ahéré sí pálọ̀, inú ahéré lo wá ń sùn."

"Ahéré tó wà nínú ilé alájà," ni Awóníyì wí, "òjò kì í pa á."

Nehemiah náà ní láàpùtọ́ọ̀pù tirẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́ta ti já kúrò lára rẹ̀, okùn rọ́bà ni wọ́n fi di ojú rẹ̀ mọ́ ìdí, bátìrì rẹ̀ sì ti kú tipẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè kúrò nítòsí ògiri ju ìwọ̀n wáyà rẹ̀ lọ. Windows tó wà nínú rẹ̀ ni èyí tó bá a dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, nítorí Nehemiah kò ra dátà sí i rí. Awóníyì sọ ẹ̀rọ náà ní Pósí.

"Tíṣà, Pósí ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń mí?" ni ó máa ń ké láti orí ògiri.

"Ó ń mí," ni Nehemiah máa ń dáhùn. "Kì í sì í gba àyè lọ́wọ́ alágbàtà kí ó tó mí."

Ìgbéraga máa ń wá ohun tí yóò sun níná. Nígbà tí Awóníyì ti kó gbogbo àwòrán oko sínú ayálégbé tán, ó wo àpótí ìwé ogójì ọdún tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó ní ìwé ti kú, ìgbà ìwé ti kọjá. Ó ní kí wọ́n gbé e fún Nọ́síràtù, tó ń ta ẹ̀pà ní ìkóríta. Fún oṣù mẹ́fà ni àwọn ará Iléṣà fi ààlà oko ara wọn jẹ ẹ̀pà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ó bá Alágbàtà náà gbé láìsí ìjà. Àwọn tó ṣe é máa ń kọ lẹ́tà sí i lórí kọ̀ǹpútà pé Alágbàtà ọwọ́ rẹ̀ ti gbó, kí ó ra tuntun, iye rẹ̀ nìyí. Ẹlòmíràn yóò rà á, tàbí kí ó pa lẹ́tà náà rẹ́. Awóníyì fèsì. Ó kọ́kọ́ kí wọn kú ọ̀gìnnìtìn, nítorí ó ti gbọ́ pé òkè òkun tutù. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ìyàwó àti ọmọ wọn. Ní ìparí, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ jẹ́ kí a má fi ara wa ṣe eré. Èló ni jálẹ̀?"

Èsì dé kí ó tó mu omi tán. Ẹ̀rọ ló fèsì, ohun tó sì wí ni pé kí ó má kọ̀wé sí àdírẹ́sì náà mọ́, kò sí ẹni tó ń kà á.

"Ìyá Ìdùnnú, wá wò ó," ni Awóníyì wí pẹ̀lú ayọ̀. "Wọ́n ní kí n má dá àwọn lóhùn mọ́. Ọgbọ́n ọjà ni. Ẹni tó bá ti ń bínú báyìí, yóò já a wálẹ̀ láìpẹ́."

"Bàbá Ìdùnnú, ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Kò sí ènìyàn níbẹ̀."

"Bí kò bá sí ènìyàn níbẹ̀, ta ló ń bínú?"

Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó dìde, ó sì ń rìn lọ sí ẹnu géètì, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, bí ẹni tó ń fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó ń dẹ etí kí ọlọ́jà pè é padà. Ọdún mẹ́ta ni ó fi rin ìrìn náà.

Nígbà tí Awóníyì ń ná Alágbàtà lọ́wọ́ lọ, onílé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní àràárọ̀ tó bá ṣí Mac, ìwé kékeré kan yóò yọ sí i lójú pé ìmúdọ̀tun ti dé, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní ọ́pídéètì: ṣé kí ó ṣe é báyìí, tàbí kí ó di ọ̀la? Awóníyì a tẹ "Ó di ọ̀la". Ní ọjọ́ kejì, ìwé kékeré náà yóò tún padà wá, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà. Kò bínú, kò sì pariwo. Ogójì ọjọ́ ni ó fi wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ kò lóye rẹ̀ títí di òní. Wọ́n rò pé bàbá náà ṣèèṣì gbà á ni. Kò ṣèèṣì. Ẹ̀bẹ̀ ló mú un. Ọkùnrin tí a tọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni, ó sì mọ̀ pé bí a bá bẹ àgbàlagbà lẹ́ẹ̀mẹta, ó yẹ kí ó dáni lóhùn.

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbà o," ni ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀ fún un.

"Ìyá Ìdùnnú, ogójì ọjọ́! Bí ènìyàn ni, yóò ti lọ kó àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ wá. Àgbà tí a bẹ̀ tí kò gbà, òun náà ń wá ọjọ́ tí yóò bẹ ènìyàn."

Ó wọ fìlà. Ó wú ikọ́. Ó kọjú sí Mac bí ẹni tó ń dárí ji ọmọ ọ̀daràn níwájú ìdílé, ó ní, "Mo ti gbọ́. Mo ti gbà. Má ṣe irú rẹ̀ mọ́." Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà náà kú, ó jí, ó tún kú, ó tún jí. Nígbà tó jí tán, ara rẹ̀ ń dán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Awóníyì yìn ín. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ Alágbàtà. Alágbàtà fò sókè lẹ́ẹ̀kan bí adìyẹ tó rí ọ̀bẹ, ó jókòó, ìlà kan sì dábùú ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan jáde lábẹ́ rẹ̀ pé ètò yìí ti gbó jù fún ẹ̀rọ yìí, kí olówó rẹ̀ lọ ra tuntun.

Onílé kun ilé rẹ̀, ó sì lé alágbàtà síta. Ayálégbé wà nínú yàrá, ẹrù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Nehemiah kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí ó tó dé. "Ẹ kú àdánù o, Bàbá Awọnlẹ̀," ni ó wí, ó sì bọ́ fìlà. "Mo gbọ́ pé òjò ti ń pa ahéré."

Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe ti Àbẹ̀ní. Opó ni Àbẹ̀ní, àgbẹ̀ kòkó ní abúlé kan lẹ́yìn Ìwàrà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì tí Mac gba ìmúdọ̀tun, ó gun ọ̀kadà wá sí Iléṣà, ó kúnlẹ̀ kí Awóníyì, kò sì dìde.

"Bàbá, Akíndélé tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ti hú gbogbo pẹ̀rẹ̀gún tó wà ní ààlà wa. Ó ní etí odò ni oko òun dé. Gbogbo kòkó àgbà tí ọkọ mi gbìn ló wà láàárín pẹ̀rẹ̀gún àti odò. Òun ni mo fi ń jẹun. Lọ́jà, olórí ìlú wa, ní kí a wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹni tó bá ní àwòrán ilẹ̀ mú un dání."

"Èyí tí mo yà fún ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ikán ti jẹ ẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ bá mi yọ ẹ̀dà kan nínú ẹ̀rọ yín."

Awóníyì wo Mac tó wà nínú aṣọ kíjìpá. Ó wo Àbẹ̀ní. Ó ní, "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Ọjọ́bọ̀ kò jìnnà." Ọjọ́ náà nìkan ni àlejò wọ ilé rẹ̀ tí kò ní kí ó fọ ọwọ́.

Bí obìnrin náà ti jáde ni Awóníyì mú ọ̀pá, ó lọ sí ìkóríta. "Nọ́síràtù, àwọn ìwé tí mo fún ọ nígbà kan, ǹjẹ́ ọ̀kan kù nínú rẹ̀?"

"Bàbá, wọ́n ti tán tipẹ́," ni Nọ́síràtù dáhùn. "Àwọn tó ń ra ẹ̀pà kì í dá ìwé padà."

Ìdí nìyí tó fi gbé àpótí ìrókò lọ sí Òṣogbo ní ọjọ́ Ajé. Ohun tó sì mú kí Kàósárà gba òṣó náà láìpe ọlọ́pàá ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, Awóníyì sọ ọ̀rọ̀ Àbẹ̀ní fún un, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ nígbà tó dé ibi kòkó.

"Ọ̀nà rẹ̀ kò le, Bàbá," ni Kàósárà wí. "Ẹ jẹ́ kí a ra Alágbàtà tuntun. Lónìí náà ni yóò ṣí."

Ọdún mẹ́ta tó fi ń ná an ń kọjá lójú Awóníyì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa káàdì báǹkì rẹ̀ yọ, ó sì di ojú. "Rà á ní iye tí wọ́n pè."

Kàósárà kọ nọ́ńbà inú káàdì náà síbẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ó tún un kọ. Wọ́n kọ̀ ọ́. Káàdì náà kò lè ra ọjà òkè òkun. Wọ́n pe Ìdùnnú ní Kánádà, kò gbé e. Ọ̀sẹ̀ náà ni ó wà ní ibi ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tí wọn kì í gbé fóònù wọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo nínú ayé Awóníyì tó gba iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè, ọlọ́jà kọ̀, kò tà fún un.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Kàósárà tú inú Mac débi tí kò ku ibì kan. "Alàámúdù! Bàbá, ilé ni wọ́n tì, wọn kò wó o. Ẹrù ayálégbé yín pé. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú fúláàṣì yìí."

Awóníyì ti fẹ́ dìde lórí àpótí. "Nígbà náà, ṣí i fún mi lórí Windows tìrẹ."

"Mo ti gbìyànjú, Bàbá. Ètò yín ti dàgbà ju gbogbo Windows tó wà níbí lọ, wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Windows àtijọ́ gan-an ló ń fẹ́, irú èyí tí kò gba ọ́pídéètì kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Wàláì, n kò mọ ẹni tó ṣì ní irú rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun."

Awóníyì mí kanlẹ̀. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rò pé àyà ń dùn ún.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

"Ta ni?"

"Pósí."

Ó gba fúláàṣì náà, ó dì í mọ́ ọwọ́, ó sì wọ ọkọ̀ Iléṣà. Ìkánjú náà pọ̀ débi pé ó gbàgbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Nehemiah wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́, nígbà tó gbọ́ ohùn kan pé, "Tíṣà, ẹ kú ilé o." Awò ojú rẹ̀ já bọ́. Láti ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, Awóníyì kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Ta ló kú?" ni Nehemiah béèrè.

"Kò sí ẹni tó kú. Ẹ̀rọ yín ni mo wá kí."

"Ẹ̀rọ mi wo? Ẹ̀rọ ìlọta?"

"Kọ̀ǹpútà yín."

"Èmi kò ní kọ̀ǹpútà. Pósí ni mo ní. Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Kí ni ọlọ́lá bíi tìrẹ ń wá nídìí pósí? Àbí o ti ń wá tìrẹ sílẹ̀?"

"Nehemiah, oko Àbẹ̀ní ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Nehemiah bí ẹni bọ́ fìlà. Awóníyì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti pẹ̀rẹ̀gún títí dé káàdì báǹkì.

"Kí ló dé tí o kò ti wí bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà?"

"O kò jẹ́ kí n ráyè."

"Wọlé. Ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ni ihò iná wà. Eékún mi kò lè tẹ̀. Ìwọ ni yóò ki wáyà bọ̀ ọ́."

Awóníyì tẹ eékún, ó na ọwọ́, ó sì fi àyà lélẹ̀ kí ó lè dé ibi ihò iná.

"Dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀," ni Nehemiah wí láti òkè. "Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn wù mí."

"Iná ni mo ń wá!"

"Èmi mọ̀. Pósí ni kò mọ̀."

Pósí jí. Iṣu ì bá ti jinná kí ó tó la ojú, ariwo inú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹ̀rọ ìlọta ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni ra nǹkan kan. Oko Àbẹ̀ní là sílẹ̀ lójú rẹ̀, pẹ̀lú ààlà, pẹ̀lú odò, pẹ̀lú ìrókò tó wà ní ìpẹ̀kun. Awóníyì wò ó títí. "Ó gbìyànjú," ni ó wí. Nehemiah ní kí ìyàwó òun kọ ọ̀rọ̀ náà sára kàlẹ́ńdà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbà méjèèjì wọ takisí lọ sí abúlé náà, Pósí sì wà lórí itan Awóníyì nínú aṣọ kíjìpá tó jẹ́ ti Mac. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọ́n fi tan iná sí i ní àgbàlá Lọ́jà. Àbẹ̀ní jókòó sí apá kan. Akíndélé, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, wo àwòrán náà fìrí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Kábíyèsí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi rọ́bà so, ẹ fẹ́ kí ó gba oko lọ́wọ́ mi? Ẹnikẹ́ni lè ya ìlà sínú kọ̀ǹpútà. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà?"

Ìṣe Awóníyì kan wà tí àwọn awọnlẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní etí gbogbo àwòrán tó bá yà, a máa kọ ẹni tó wà níbẹ̀, bí ojú ọjọ́ ti rí, àti ohun tí wọ́n fún un jẹ. Ó fi ìka hàn Nehemiah ní ibi tí yóò kà. Nehemiah tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì kà á sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì:

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1991. Oòrùn mú gan-an. Àbẹ̀ní bu omi tútù fún mi, ó sì fi iṣu sísun lé e. Pẹ̀rẹ̀gún mẹ́tàdínlógún láti etí ọ̀nà dé ìdí ìrókò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akíndélé ló bá mi di ìdí okùn ìwọnlẹ̀ mú. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó jẹ nínú iṣu mi nígbà tí mo kọ ẹ̀yìn."

Akíndélé wo ilẹ̀, ó wo Awóníyì, ó tún wo ilẹ̀.

"Iṣu náà kò pọ̀," ni ó wí.

Bí ẹjọ́ náà ṣe parí nìyẹn. Akíndélé fúnra rẹ̀ ni ó tún pẹ̀rẹ̀gún mẹ́tàdínlógún gbìn, Lọ́jà sì ní kí ó fi iṣu kan lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojú ti Awóníyì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ògiri pé, "Tíṣà, Pósí ńkọ́? Ṣé ìrìn àná kò pa á?" Ní ìparí ọdún náà, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe Alágbàtà pé wọ́n ti já iye rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdajì. Awóníyì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ìdùnnú rà á fún un láti Kánádà, ayálégbé padà sínú yàrá rẹ̀, bàbá náà sì wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti lọ sọ fún Kàósárà pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn òyìnbó ti túúbá. Kàósárà náà ti gba lẹ́tà kan náà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn tó ní kọ̀ǹpútà láyé ti gbà á. Ó rọra fi fóònù sí àpò. "Bàbá, ẹ kú oríire," ni ó wí. "Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ìgbà òjò, Ẹkúndayọ̀ Awóníyì sùn ní ọ̀sán, kò sì jí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Àbẹ̀ní gbé odidi àgbọ̀n iṣu wá sí ìsìnkú. Akíndélé ló bá a rù ú. Kàósárà wá láti Òṣogbo pẹ̀lú àpótí ìrókò, ó fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n Ìyá Ìdùnnú ní kí ó máa gbé e lọ: ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò tíì yanjú lè máa rí ibi jókòó. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ni ó wà títí di òní, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n sún un sí, kí oníbàárà lè ráyè kọjá.

Olóògbé fi ìwé kan sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti kọ ọ́ pé: "Mac mi di ti Nehemiah, kí òun náà lè mọ bí ìyà ọlá ti rí."

Nehemiah ti ń jẹ ìyà náà. Ní àràárọ̀, yóò gbé ẹ̀rọ náà kúrò nínú aṣọ kíjìpá, yóò gba inú Mac kọjá láìya ibì kankan, yóò sì wọ yàrá Windows. Àwọn àgbẹ̀ láti Ìwàrà àti agbègbè rẹ̀ ń wá béèrè ààlà wọn, òun ló sì ń ṣí i fún wọn. Bí kò bá sí ẹni tó wá, yóò ṣí àwòrán kan fúnra rẹ̀, yóò ka etí rẹ̀: ẹni tó fún Awóníyì ní omi, ẹni tó fún un ní obì, abúlé tí òjò ti lé e wọ abẹ́ igi kòkó. Àwòrán kan lóòjọ́ ni. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó tètè tán.

Ìwé kékeré náà kò sì yéé wá. Ìmúdọ̀tun ti dé. Ṣé báyìí ni, tàbí kí ó di ọ̀la? Kàósárà, tó wá kí i láti Òṣogbo, wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó yọ.

"Tíṣà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí èyí ti ń bẹ̀ yín. Ìgbà wo lẹ máa gbà fún un?"

"Kí ó máa bẹ̀ mí lọ," ni Nehemiah wí. "Èmi kò ní inú rere bíi ti Awóníyì. Ènìyàn ń gbé nínú ilé yìí, n kò sì ní jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì."

Ó na ìka, ó tẹ "Ó di ọ̀la". Kàósárà wo ìka náà. Omi ṣì wà lára rẹ̀. Nehemiah ti kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́.